Ọmọ Tí Kò Tíì Sọ̀rọ̀: Etí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin òbí tó wà lóko àti nígboro ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àyíká rẹ̀ la kọ ìwé yìí fún, ẹ̀yin tí ọmọ yín kì í dáhùn bí ẹ bá pè é. Ọmọ títọ́ kò ṣàjèjì sí yín, a kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ohun kan la ń rí lemọ́lemọ́: ẹ máa ń pẹ́ jù. Ọmọ á pé ọdún 8, á pé 10, kó tó dé iléèwé. "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." "Ahọ́n rẹ̀ ló so, a ti ní kí wọ́n gé e." Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń dúró yẹn, ọmọ kò ní èdè kankan, ì báà ṣe ti ẹnu, ì báà ṣe ti ọwọ́.

Ọmọ oṣù 6 yẹ kó máa yíjú síbi tí ìró ti ń wá. Ọmọ oṣù 12 yẹ kó dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Bó bá pé oṣù 18 tí kò tíì pe "màmá" tàbí "bàbá", ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò nílé. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3, kí òjìji yín má kan ojú rẹ̀, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ lóhùn tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lápá òsì. Ẹ má lu ìlù, ẹ má gbá ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ á mì, ara ni ọmọ á fi mọ̀, ìyá á sì pariwo pé "ó gbọ́!" Èyí ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ.

Ọmọ tó ti ṣe yírùnyírùn, èèyi tàbí segede, tàbí tí ibà pọ́njú mú gan-an ní jòjòló, ẹ má dúró de àmì kankan. Etí tó bá ń ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ 2, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má da àdí sí i, ẹ má da omi ewé sí i. Ẹ ṣáà má da nǹkan kan sí i!

Níbo ni kí ẹ lọ? UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Federal College of Education (Special) tó wà nílùú Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ adití àti afọ́jú. Ẹ lè lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀. Iléèwé adití wà ní Ìjokòdó n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin ará Kwara ní iléèwé ìjọba ní Ìlọrin, ti Èkó sì ní Wesley School for the Deaf ní Sùúrùlérè. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ mú ìwé ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì àyẹ̀wò etí àti fọ́tò 4 dání, kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan ní 3.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní iléèwé kò sí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ní kí gbogbo ọmọ lọ sí iléèwé fún ọdún 9 lọ́fẹ̀ẹ́, òfin mìíràn tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn abirùn sì ní ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Àìsàn yírùnyírùn ló di Andrew Foster ará Amẹ́ríkà létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Òun kan náà ló dá iléèwé adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, tó sì tún wá ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Ọmọ yín kì í ṣe ẹni ìpamọ́ sẹ́yìn ilé.

Iléèwé nìkan kò tó. Ẹ béèrè èdè ọwọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ 5 lọ́sẹ̀, kí bàbá náà kọ́ ọ, kì í ṣe ìyá nìkan. Bí iléèwé bá sì jẹ́ ti ibùgbé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹ débẹ̀ láti mú ọmọ yín kó tó di aago 12. Àwọn ọmọ kan máa ń jókòó sẹ́nu géètì títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi wá mú wọn, wọn kò sì lè bi ẹnì kankan.