Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ṣójà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń dìbò láti òkèèrè

Ní ọdún tí ìdìbò bá wà ní Amẹ́ríkà, bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì wá sí Ìbàdàn á pè, ṣójà tí ó wà ní Kòríà á pè, ẹni tí ó ti kó tẹbí tẹbí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù náà á pè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn á sì béèrè: ṣé ọ̀nà ṣì wà kí àwọn lè dìbò? Ó máa ń bí mi nínú, nítorí pé òfin ti ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ fún wọn láti oṣù Kìíní. Ààrẹ Reagan ni ó bọwọ́ lu òfin tí a ń pè ní UOCAVA ní ọdún 1986, èyí tí ó fún àwọn ṣójà àti ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní òkèèrè ní ẹ̀tọ́ láti dìbò láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì fi òfin MOVE kín in lẹ́yìn ní ọdún 2009. Nígbà tí mo wà nínú iṣẹ́ ológun ní Jámánì, èmi ni wọ́n yàn kí n máa ran àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́ lórí ìdìbò, n kò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bọ́ aṣọ ológun. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, lọ́dọọdún ni mò ń rí wọn.

Èkínní, ẹ má ṣe sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí fọ́ọ̀mù. FPCA ni orúkọ fọ́ọ̀mù náà, ọ̀fẹ́ ni ní FVAP.gov, ìyẹn ojú òpó ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìdìbò láti òkèèrè, ó ń ṣiṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ ìbéèrè fún ìwé ìdìbò. Mo mọ arákùnrin kan ní Ìkẹjà tí ó fi owó gidi lé ajẹ́ǹtì kan lọ́wọ́, tí ajẹ́ǹtì ní òun ní ẹni tí òun mọ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ yìí kan náà ni ajẹ́ǹtì náà tẹ̀ jáde ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé arákùnrin yìí ti ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà Social Security rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì ti fún un ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ.

Èkejì, ẹni tí ó bá ní green card nìkan kò gbọdọ̀ sún mọ́ fọ́ọ̀mù yìí rárá, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó wọ iṣẹ́ ṣójà pẹ̀lú green card, tí wọ́n sì rò pé nígbà tí àwọn ti búra fún orílẹ̀-èdè náà, àwọn ti di ọmọ rẹ̀. Ìbúra ṣójà yàtọ̀ sí ìbúra ọmọ onílùú. Láti ọdún 1996 ni òfin àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n nínú kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dìbò nínú ìdìbò àpapọ̀, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ lé ènìyàn kúrò ní ìlú. Fọ́ọ̀mù N-400 tí ẹ ó fi bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ọmọ onílùú yóò bi yín bóyá ẹ ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí. Iṣẹ́ ológun yín fúnra rẹ̀ lè mú kí ìwé náà tètè jáde, wọn kì í sì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ṣójà. Ẹ gbà á ná, kí ẹ tó ronú kan ìbò.

Ẹ̀kẹta, ẹ yé gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọdún 2024. Kí òfin MOVE tó dé, ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan lè gbé ènìyàn dé ìdìbò gbogboogbò méjì, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì dì mú títí di òní. Òfin náà ti mú èyí kúrò. Ní oṣù Kìíní ọdọọdún ni kí ẹ fi FPCA tuntun ránṣẹ́, kí ẹ sì tún fi òmíràn ránṣẹ́ nígbàkigbà tí ẹ bá kó kúrò níbi tí ẹ ń gbé.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ dé orí rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń gbà mí lákòókò jù lọ. Ààyè àdírẹ́sì tí ẹ ń dìbò sí wà lórí FPCA, ààyè àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń gbé báyìí sì wà lọ́tọ̀. Fún ará ìlú tí ó ń gbé ní òkèèrè, àdírẹ́sì ìdìbò ni ilé tí ó fi ṣe ibùgbé kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà kí ó tó kúrò níbẹ̀. Wọn ìbáà ti ta ilé náà, ayálégbé mìíràn ìbáà ti wọ ibẹ̀, ẹ ìbáà má tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti padà sí ìlú náà mọ́, ilé yẹn náà ni. Kò sí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni láti mọ káńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Amẹ́ríkà) tí yóò gba ìbò yín, àti àwọn olùdíje tí orúkọ wọn yóò wà lórí ìwé ìdìbò yín.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí ó padà sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní Baltimore. Nígbà tí ó ń kọ fọ́ọ̀mù, àdírẹ́sì àbúrò rẹ̀ ní Houston ni ó kọ sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni ó máa ń wọ̀ sí bí ó bá lọ sí Amẹ́ríkà. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ṣé ilé àbúrò mi kì í ṣe ilé mi ni?” Mo ní, “Ilé yín ni, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kò gbé ibẹ̀ rí.” Texas ni Houston wà, Maryland ni Baltimore wà, ìpínlẹ̀ méjèèjì sì ní òfin tirẹ̀, sẹ́nétọ̀ tirẹ̀ àti ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Káńtì tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí kọ lẹ́tà padà láti béèrè àlàyé, lẹ́tà náà sì jókòó sórí tábìlì àbúrò ní Houston, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Nígbà tí a fi máa tún fọ́ọ̀mù mìíràn kọ sí Maryland, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ sì rántí pé abẹ́ ìbúra ni ènìyàn ń bọwọ́ lu FPCA. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ àdírẹ́sì tí kì í ṣe òtítọ́ sí i lè jẹ̀bi ìbúra èké.

Ti àwọn ṣójà tún le ju ìyẹn lọ. Wọn á kọ àdírẹ́sì bárékè tí wọ́n wà, tàbí ti bárékè tí wọ́n ti kúrò. Ibi tí ìjọba bá gbé ṣójà lọ kì í yí ìpínlẹ̀ rẹ̀ padà. Ìpínlẹ̀ tí ó dì mú gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀ lábẹ́ òfin ni ó ń dìbò sí. Ibùgbé kan ṣoṣo ni òfin sì gbà. N kò lè ka iye ọmọ ogun tí mo ti bá jà lórí èyí: ní ọ́fíìsì owó oṣù, ará Texas ni wọ́n, nítorí pé Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, bí ìdìbò bá dé, wọn á ní ará Georgia ni àwọn, nítorí pé ọ̀rẹ́ àwọn ń du ipò níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Ẹ mú ọ̀kan. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àfi kí ṣójà sọdá òkun kí òfin yìí tó bò ó. Bí ará Georgia bá ń ṣiṣẹ́ ní bárékè kan ní Texas, tí kò lè wà nílé lọ́jọ́ ìdìbò nítorí iṣẹ́ náà, UOCAVA bò ó, ó sì bo ọkọ tàbí aya tí ó bá a lọ.

Àwọn tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Ìbàdàn fún òbí tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọn kò gbé Amẹ́ríkà rí, máa ń rò pé àwọn kò ní àdírẹ́sì kankan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà kí irú wọn fi àdírẹ́sì òbí dìbò, àwọn kan kò sì gbà. Ẹ wo ojú ewé ìpínlẹ̀ òbí yín ní FVAP.gov. Àwọn mìíràn sì ń sá fún gbogbo rẹ̀ pátápátá nítorí owó orí. Òfin sọ ọ́ kedere pé dídìbò fún ipò àpapọ̀ nìkan, ìyẹn Ààrẹ, sẹ́nétọ̀ àti aṣojúṣòfin, kò lè fa owó orí kankan lé ènìyàn lórí. Ìdìbò fún ipò ìpínlẹ̀ àti ti káńtì nìkan ni ó yẹ kí ẹ bi oníṣirò owó yín léèrè nípa rẹ̀.

Ẹ kọ oṣù ṣáájú ọjọ́ níbi déètì ìbí. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin tí ó kọ 07/04 ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ oṣù Keje lójú káńtì.

Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú yín sí i bí ẹ bá fẹ́ dìbò abẹ́nú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò ní fi ìwé ìdìbò abẹ́nú ránṣẹ́ láìsí i.

Orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ káńtì ni kí ẹ lò. Ẹ kò lè jẹ́ Oluwaseun lórí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kí ẹ wá di Seun lórí FPCA. Ìyàwó tí ó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó ní ààyè tí yóò kọ orúkọ àtijọ́ sí. Kí ó má ṣe fò ó.

Bí ìbéèrè yín bá ti dé ọwọ́ wọn lásìkò, ó pọn dandan fún ìpínlẹ̀ láti fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí yín, ó kéré tán ní ọjọ́ 45 ṣáájú ìdìbò àpapọ̀. Fún ìdìbò ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2026, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ni èyí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó yóò fi máa dúró de pósí? Ẹ kọ àdírẹ́sì í-meèlì yín ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ sì máa wo inú spam láti ọjọ́ náà lọ. Àìmọye ìwé ìdìbò ni mo ti bá níbẹ̀ láàárín ìpolówó bàtà, tí ẹni tí ó ni í ń bú káńtì pé wọn kò fi nǹkan ránṣẹ́.

Ọ̀nà ìdápadà ni owó tún ń gbà ṣòfò. Ìpínlẹ̀ kan gbà kí ènìyàn dá ìwé náà padà nípasẹ̀ í-meèlì tàbí fáàsì, ìpínlẹ̀ mìíràn fẹ́ ìwé gan-an lọ́wọ́. Ẹ wo tiyín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Obìnrin kan ní Lẹ́kí san owó ńlá fún iléeṣẹ́ akẹ́rù kan kí wọ́n bá a gbé tirẹ̀ lọ ní wàràwàrà, ó sì kọ nọ́ńbà àpótí pósí káńtì náà sí i. Iléeṣẹ́ akẹ́rù kì í gbé nǹkan sínú àpótí pósí, àpòòwé náà sì padà wá bá a lẹ́yìn ìdìbò. Àdírẹ́sì òpópónà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ káńtì. Ẹni tí kò kánjú lè mú tirẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá tàbí èyí tí ó wà ní Èkó, kí wọ́n fi sínú àpò lẹ́tà ìjọba Amẹ́ríkà. Àwòṣe àpòòwé tí a ti san owó rẹ̀ wà ní FVAP.gov fún títẹ̀ jáde, ẹ kò sì ní láti máa wá sítáǹpù Amẹ́ríkà kiri. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó dé káńtì, nítorí náà ẹni tí ó bá mú un lọ ní ìparí oṣù Kẹwàá ti pẹ́ jù. Ṣójà tí ó wà ní òkèèrè ní ti tirẹ̀: ní ìdìbò gbogboogbò, kí ó béèrè fún Label 11-DoD, ìyẹn lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpòòwé ìbò, ní pósí bárékè, ọ̀fẹ́ ni, ó yára, ó sì ní nọ́ńbà tí a fi ń tọpa rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìbò òkèèrè kò já mọ́ nǹkan. Ìbò 537 ni George W. Bush fi borí ní Florida ní ọdún 2000, ọ̀rọ̀ ìbò òkèèrè tí kò ní òǹtẹ̀ pósí sì wà lára ohun tí wọ́n jà sí níbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń gba ìbò òkèèrè tí ó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ ìdìbò, àwọn mìíràn kò gbà á, òfin rẹ̀ sì ń yí padà. Bí ẹni pé ọjọ́ ìdìbò gan-an ni òpin fún gbogbo yín ni kí ẹ ṣe.

Nípa ìbọwọ́lùwé, ojú ewé ìbúra ni ó wà fún, pẹ̀lú déètì. Ẹ má ṣe bọwọ́ lu ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bọwọ́ lu ojú ewé ìbúra rẹ̀ dáadáa, ó wá ká a mọ́ ìwé ìdìbò, ó kó méjèèjì sínú àpòòwé àṣírí, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Àpòòwé ìta ni ojú ewé ìbúra yẹ kí ó wà, nítorí pé òun ni òṣìṣẹ́ káńtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kí ó tó fọwọ́ kan àpòòwé àṣírí. Ẹ jẹ́ kí ìbọwọ́lùwé náà jọ èyí tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ káńtì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ń fi wọ́n wé ara wọn.

Bí ìwé ìdìbò kò bá dé nígbà tí oṣù Kẹwàá bá fẹ́ dá sí méjì, ẹ má ṣe jókòó. FWAB, ìyẹn ìwé ìdìbò àfirọ́pò, wà fún ẹni tí ó ti béèrè lásìkò tí kò rí nǹkan gbà: ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ olùdíje tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ojúlówó bá wá dé lẹ́yìn náà, ẹ kọ òun náà, ẹ fi í ránṣẹ́; ọ̀kan ṣoṣo ni káńtì yóò kà. Òfin MOVE ti mú un ní dandan kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ìbò yín ti dé. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá sì kọ̀wé pé ìbọwọ́lùwé kò bára mu, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ dá wọn lóhùn, nítorí pé àyè tí wọ́n ń fún ènìyàn láti tún un ṣe kì í gùn.