Bí Mo Ṣe Gba Àṣẹ fún Kọ̀ǹténà Ẹsẹ̀ Bàtà 20 Lẹ́yìnkùlé Ilé Mi ní England

Ní Nàìjíríà, tí tírélà bá ti sọ kọ̀ǹténà kalẹ̀, wẹ́dà á gé fèrèsé sí i lára, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ní England, ẹ gbé kọ̀ǹténà kan náà sẹ́yìnkùlé, ilé ni káńsù máa kà á sí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bó ṣe tóbi tó, bó ṣe máa pẹ́ níbẹ̀ tó, àti bó ṣe fìdí múlẹ̀ tó. Irin oní kílò 2,200 tó jẹ́ pé kírénì ló ń gbé e, tí ẹni tó rà á sì fẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó ṣòro láti pè é ní ẹrù lásán. “Kò ní fáúńdéṣọ̀n, kò nílò àṣẹ” tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè torí ẹ̀ náwó.

England nìkan ni ohun tí mo ń kọ yìí kàn. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ìlú yín kò ní òfin zoning rárá (òfin tó ń pín ilẹ̀ sí ti ilé gbígbé àti ti òwò), àmọ́ ìwé ilẹ̀ àdúgbò yín lè ní kí kọ̀ǹténà má wọ ibẹ̀, ìwé yẹn sì lágbára. Ẹ lọ kà á.

Kí n tó bá oníkọ̀ǹténà kankan dá owó, téèpù ni mo mú. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 tó wọ́pọ̀ gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní mítà 2.44, ó sì ga ní mítà 2.59. Èyí tí wọ́n ń pè ní high cube ga tó mítà 2.90. Ẹ fi gíga yẹn sọ́kàn, torí òun ló máa pinnu gbogbo ohun tó kù.

Òfin kan wà tó ń jẹ́ permitted development. Apá rẹ̀ tó kan ẹ̀yìnkùlé ni Class E, nínú àṣẹ ìjọba ti ọdún 2015. Ó gba onílé láyè láti kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì, gáréèjì, àní ilé adìyẹ pàápàá, láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ káńsù. Àmọ́ ilé náà kò gbọ̀dọ̀ wà níwájú ògiri iwájú ilé. Kò gbọ̀dọ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tí a bá ro gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ kún ilẹ̀ náà pọ̀, kò gbọ̀dọ̀ gbà ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé àkọ́kọ́ ká lọ. Ilé àkọ́kọ́ ni ilé bó ṣe wà ní July 1, 1948, tàbí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà yàrá tí onílé àná fà yọ sẹ́yìn wà nínú ìṣirò. Ilẹ̀ mi fẹ̀ ní mítà 9, ó sì gùn ní mítà 18 lẹ́yìn ilé, mítà 162 níbùú lóòró. Kọ̀ǹténà kò gbà ju 15 lọ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ kò níṣòro.

Gíga ni ìṣòro. Tí òrùlé bá tẹ́jú, òkè rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju mítà 3 lọ. Tí ibikíbi lára ilé náà bá sún mọ́ ààlà tó mítà 2, gbogbo gíga rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju mítà 2.5 lọ. Etí òrùlé náà kò gbọ̀dọ̀ ju mítà 2.5 lọ, níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé e sí. Kọ̀ǹténà kò ní etí òrùlé tó yọ jáde. Ibi tí ògiri rẹ̀ ti pàdé òrùlé ni etí rẹ̀, ìyẹn ní mítà 2.59. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án péré ló fi kọjá. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, torí ojú 3 nìkan ni wọ́n ń rí. Tí high cube bá wá jókòó sórí igi sílípà (pákó kíki bíi ti ojú irin rélùwéè) oní sẹ̀ǹtímítà 20, ó ti ju 3 yẹn gan-an lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún mi. Èkíní, kí n ra kọ̀ǹténà kékeré tàbí ilé ìkẹ́rùsí irin tí gíga rẹ̀ kò tó mítà 2.5. Ó wà lọ́jà, àmọ́ kò gba ẹrù tí mo ní. Èkejì, kí n tọrọ ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ káńsù, èyí tí wọ́n ń pè ní lawful development certificate, pé ohun tí mo fẹ́ ṣe bófin mu láìsí àṣẹ. Ìdajì owó àṣẹ gidi ni wọ́n ń gbà fún un, òfin nìkan ni wọ́n sì ń gbé e lé, wọn kì í bi aládùúgbò bóyá ó wù ú. Ẹni tó bá rò pé ìṣirò etí òrùlé kò kan kọ̀ǹténà, ibẹ̀ ni kó ti lọ jiyàn rẹ̀ kó tó ra ohunkóhun. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ gidi, planning permission. Èmi fẹ́ kí kọ̀ǹténà wà ní mítà kan sí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, kí n má bàa pàdánù àárín ọgbà, nítorí náà ẹ̀kẹta ni mo mú. Ní mítà kan sí ààlà, kò tún sí ohun tí a fẹ́ jiyàn lé mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé mẹ́ta, torí ọ̀kan nínú wọn lè ti pa gbogbo ètò. Ìwé àkọ́kọ́ ni àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ ilé yín níbẹ̀rẹ̀, ó wà lórí ìkànnì káńsù tí ilé náà kò bá ti pẹ́ jù. Ní àwọn ẹ̀sìtéètì tuntun, ẹ lè bá ìlà kan níbẹ̀ tó gba permitted development kúrò lọ́wọ́ onílé, tó jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀dì lásán pàápàá gba àṣẹ. Ìkejì ni ìwé ilẹ̀ láti HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, £7 ni wọ́n ń gbà fún un. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ covenant sí. Àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ gbé ohun kan sórí ilẹ̀ àyàfi ilé gbígbé àti gáréèjì kò kan káńsù rárá: káńsù lè fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ni àdéhùn náà sì tún gbé yín lọ sílé ẹjọ́. Ìkẹta ni máàpù káńsù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilé yín wà ní conservation area (àdúgbò tí òfin ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀), bóyá ó jẹ́ listed building (ilé pàtàkì tí òfin ń dáàbò bò), tàbí bóyá wọ́n dáàbò bo igi kan nínú ọgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nínú fúláàtì, Class E kò kàn yín rárá, kódà tí ọgbà bá jẹ́ tiyín.

Ẹ̀tàn méjì ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní, “Ọjọ́ 28 lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ ní lọ́dún.” Òótọ́ ni pé òfin ọjọ́ 28 wà, àmọ́ kò kan ilẹ̀ tó wà nínú ọgbà ilé. Oko àti pápá ló kàn. Ìkejì: “Àwọn bíríkìlà ń gbé kọ̀ǹténà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.” Wọ́n láṣẹ lóòótọ́ níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé bá ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kọ̀ǹténà gbọ́dọ̀ kúrò. Ní ti àwọn tó ń retí kí ọdún mẹ́rin kọjá kí káńsù má lè fọwọ́ kàn wọ́n, ìyẹn ti yí padà láti April 25, 2024. Ọdún mẹ́wàá ni báyìí. Fọ́tò òfuurufú sì wà níta tí ẹnikẹ́ni lè wò.

Mo fi ìbéèrè mi ránṣẹ́ lórí Planning Portal, ìkànnì tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ ìkọ́lé, bí onílé tó fẹ́ kọ́ nǹkan sínú ọgbà. Ohun tí mo fi pẹ̀lú rẹ̀ ni máàpù òṣùwọ̀n 1:1250 tí mo fi ìlà pupa yí gbogbo ilẹ̀ mi ká, àwòrán ilẹ̀ 1:200 tó fi ilé, fẹ́ǹsì àti kọ̀ǹténà hàn pẹ̀lú ìwọ̀n sí ààlà kọ̀ọ̀kan, àwòrán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1:50, àti àlàyé ìdajì ojú ìwé. Níbi àwòrán ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń padà. Tí ìlà pupa kò bá yí ilẹ̀ ká tán, tí òṣùwọ̀n kò sí lójú àwòrán, tí ọfà àríwá kò sí níbẹ̀, wọ́n á dá a padà pé kò pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí òfin fún káńsù kì í bẹ̀rẹ̀ títí ìwé á fi pé. Gíga tí mo kọ sójú àwòrán ni mítà 2.65, kì í ṣe 2.59, torí láti orí ilẹ̀ àdánidá tó ga jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ni wọ́n ti ń wọ̀n, ìtẹ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ 2.59, tó wá gbé e sórí sílípà, ti gbé ohun tí wọn kò fọwọ́ sí.

Nínú àlàyé, mo kọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀: irinṣẹ́, àga, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, àti ẹrù tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ ṣọ́ra níbi ẹrù yẹn. Ẹrù ìdílé yín kò ní wàhálà. Tẹ́ ẹ bá ń gba dúrọ́ọ̀mù lọ́wọ́ oníbàárà, tí fáànù ń wọlé tó ń jáde, òwò nìyẹn, àṣẹ ọgbà ilé kò sì gbà á. Irú fáànù bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń mú kí aládùúgbò kọ̀wé sí káńsù.

Káńsù fún àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ 21 láti sọ̀rọ̀. Èmi ti fi àwòrán han ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá mi pààlà kí lẹ́tà káńsù tó dé. Ọ̀kan ní kí n má ṣe jẹ́ kí irin pupa kọjú sí ilé ìdáná òun, mo sì ti kọ àwọ̀ ewé tó ṣú sínú ìwé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di àtakò. Nígbà tí àṣẹ jáde, májẹ̀mú mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: àwọ̀ ewé tó ṣú láàárín oṣù mẹ́ta, kò gbọ̀dọ̀ di ibi òwò, ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ sùn nínú rẹ̀.

Ìtẹ́lẹ̀ wá kàn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé kọ̀ǹténà, nítorí náà kò sí ìdí láti da kọnkéré sí gbogbo abẹ́ rẹ̀. Mo gbẹ́ ihò mẹ́rin, mílímítà 700 lọ́nà méjèèjì, 150 ní jíjìn. Mo da MOT Type 1, òkúta tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, sí i nígbà méjì, mo fi ẹ̀rọ tí mo háyà fún ọjọ́ kan gún un mọ́lẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkè nìkan ló máa le, ìsàlẹ̀ á rì tó bá yá. Síláàbù 600 sí 600, oní mílímítà 50, ni mo gbé lé e, tó yọ lókè ilẹ̀. Ààyè kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá lábẹ́ irin. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ síláàbù dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ nítorí àti dín gíga kù, koríko àti omi á fara mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó máa dípẹtà láti ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Kọ̀ǹténà àti ẹrù tọ́ọ̀nù márùn-ún jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 1.8 lórí síláàbù kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ mi le. Lórí amọ̀ tó rọ̀, kí ihò àti síláàbù tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò nílé ni mo fi wo ìdọ́gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí spirit level kò gùn tó. Tí igun kan bá rẹlẹ̀, gbogbo àpótí irin náà máa lọ́, ọ̀pá ìlẹ̀kùn kò sì ní wọ ihò rẹ̀. Àwọn èèyàn á máa fi òòlù lu ìlẹ̀kùn, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, láì mọ̀ pé igun ló rì. Ẹ fi jáàkì gbé igun náà, kẹ́ ẹ ki irin pẹlẹbẹ mílímítà 3 tàbí 5 sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wọnú kọ̀ǹténà, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín, kẹ́ ẹ wo òkè: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé ni òjò máa gbà wọlé. Ẹ ka irin pẹlẹbẹ CSC (ìwé ẹ̀rí ààbò kọ̀ǹténà) tó wà lára ìlẹ̀kùn, ó ń sọ oògùn kòkòrò tí wọ́n fi sí pákó ilẹ̀ rẹ̀. Èmi kò ní gbé àpò gàrí lé irú pákó bẹ́ẹ̀.

Lọ́rì oníkírénì ló gbé e dé. Kírénì tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lè má lè gbé méjì tó bá nawọ́ jìnnà, nítorí náà ẹ wọn ọ̀nà láti ibi tí lọ́rì máa dúró dé àárín ibi tí kọ̀ǹténà máa jókòó, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n àti fọ́tò wáyà iná tó wà lókè ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú, nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá ọjọ́, bóyá kí ìlẹ̀kùn kọjú sí orí lọ́rì tàbí sí ẹ̀yìn. Yíyí i padà nínú ọgbà tóóró kò ṣeé ṣe. Ilé tó so mọ́ra wọn láìsí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, àfi kírénì ńlá tó máa gbé e kọjá lórí òrùlé, owó ìyẹn lè ju owó kọ̀ǹténà lọ.

Inú kọ̀ǹténà tó bíi mítà 13.9 níbùú lóòró, kò tó 15, ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀, nítorí náà òfin ìkọ́lé, Building Regulations, kò kàn án. Iná mànàmáná kò sí nínú ìdáríjì yẹn o. Fún láìnì tuntun láti inú ilé, ẹ pe oníná tó ní ìwé àṣẹ, kó lo wáyà tí wọ́n fi irin wé, kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn iṣẹ́.

Láàárọ̀ ìgbà òtútù, òrùlé máa ń làágùn, omi á kán sórí ẹrù bí ẹni pé òjò ló wọlé. Mo fi ihò atẹ́gùn mẹ́rin kún èyí tó ti wà lára rẹ̀, mo so àpò calcium chloride (iyọ̀ tó ń fa omi inú atẹ́gùn mọ́ra) mẹ́rin kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì gbé gbogbo páálí kúrò lára irin ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Àwọn àpò náà ti máa kún fún omi lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ pààrọ̀ wọn kí wọ́n tó bẹ́ sórí aṣọ.