Bí a ṣe ń fi ojú ayérayé wo ọjà
Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ dàgbà nínú Krístì láàárín ariwo ọjà, ẹ ka Sáàmù 90 kí ẹ tó ṣí ìsọ̀. Àdúrà Mósè ni. Ẹ pẹ́ lórí ẹsẹ 12, níbi tó ti ní kí Ọlọ́run kọ́ wa láti ka iye ọjọ́ wa. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ oníbàárà tí gbèsè rẹ̀ ń dùn yín jù, ẹ súre fún un. Owó yín ṣì ni o! Ẹ lọ bèèrè rẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣépè. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó dàgbà, kì í ṣe nínú àdúrà gígùn. Tí owó bá wọlé, ẹ yọ ti opó àdúgbò sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ọjà tuntun.