Kí ẹ tó tọrọ ẹ̀rọ: bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Èkìtì ṣe lè fi àjọṣe òkèèrè tún ìkọ́ṣẹ́ ṣe

Tí ẹgbẹ́ wẹ́dà, télọ̀ tàbí mẹkáníìkì bá rí ẹni òkèèrè tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tọrọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ṣe ìkẹyìn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù nínú ìkọ́ṣẹ́ wa ni àkọsílẹ̀ ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, àti aláyẹ̀wò tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá tó jẹ́ pé fèrèsé nìkan làwọn oníbàárà ń gbé wá fún, fèrèsé nìkan lọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ títí ọjọ́ tí yóò gba òmìnira.

Àwọn ará Jámánì mọ nǹkan méjèèjì yìí dáadáa. Láti ọdún 1969 ni òfin ìkọ́ṣẹ́ wọn ti wà. Ọmọṣẹ́ máa ń lo ọjọ́ 3 tàbí 4 lọ́sẹ̀ níbi iṣẹ́, ọjọ́ 1 tàbí 2 nílé ẹ̀kọ́, fún ọdún 2 sí ọdún 3 ààbọ̀. Ọ̀gá ń san owó fún un lóṣooṣù, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ ló sì ń dán an wò. Lọ́dún 2023, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé náà ṣe ìlànà kan lórí ìkọ́ṣẹ́: kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí ọmọṣẹ́ sì rí owó tó yẹ gbà.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ wọlé bó ṣe rí. Ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́ méjì ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè yọ̀ǹda wọn fún odidi ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ oníbàárà á dúró, kí oṣù tó parí á sì ti pe àwọn ọmọ náà padà. Ẹ fi ìdajì ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ní Adó sọ̀rọ̀ fún kíláàsì ìṣirò, yíya àwòrán iṣẹ́ àti ààbò. Ní ti owó oṣù, òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kọ oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ sínú àdéhùn. Ebi ń lé ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ìyà lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé iṣẹ́. Kí ọ̀gá márùn-ún jókòó, kí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè dá ṣe: 30 sí 40 ti tó. Kí ọmọṣẹ́ máa kọ ọ́ sínú ìwé lédè Yorùbá: ọjọ́, iṣẹ́, ìwọ̀n, irinṣẹ́, ohun tó bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i ní gbogbo Sátidé. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó ya fọ́tò iṣẹ́ náà, kó sì sọ̀rọ̀ sí fóònù. Tí ẹ bá jẹ́ kó di òpin oṣù kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, irọ́ ni wọ́n máa kọ kún inú rẹ̀.

Ìdánwò ni kí ẹ ní kí ẹni òkèèrè náà kọ́ yín jù. Ẹ wo ti wẹ́dà. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn ní mílímítà 6, tó gùn ní 150. Ẹ gbé ọ̀kan nàró sórí èkejì, kí ọmọ jó ìhà kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹlẹ́tíróòdù (ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin) 6013 ti mílímítà 3.2, ní 90 sí 130 áḿpù. Tó bá ti tutù, ẹ fi òòlù lu èyí tó nàró láti ìhà tí wọn kò jó, kó wó sórí ojú jíjó náà títí yóò fi ya. Ẹ wá wo inú rẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ túmọ̀ sí pé omi ti fà sára ẹlẹ́tíróòdù, tàbí pé ìpẹtà tàbí ọ̀dà wà lára irin. Ìdàrọ́ dúdú nínú rẹ̀: wọn kò ha á mọ́ kí wọ́n tó jó ìpele kejì, tàbí iná kò tó. Tí ìdí rẹ̀ kò bá yọ́ pọ̀, iná kéré tàbí ọwọ́ yá jù. Ojú jíjó tó dán lókè lè jẹ́ ẹ̀tàn, ìdí nìyí tí a fi ń fọ́ ọ. Ọ̀gá láti ìlú mìíràn ni kó wò ó, bí àpẹẹrẹ kí ti Ìjerò yẹ ti Adó wò.

Ẹ jẹ́ kí àkójọ iṣẹ́ yín bá NSQ, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti orílẹ̀-èdè tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó mu, kí ó lè wúlò fún ọmọ náà lẹ́yìn odi Èkìtì. Èkìtì wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí IDEAS, ètò ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ ti Báǹkì Àgbáyé, mú, ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń lọ.

Nínú àdéhùn pẹ̀lú òkèèrè, ẹ ní kí olùkọ́ kan wá fún ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ ọ̀gá mẹ́wàá, dípò kí wọ́n kó ọmọ méjì lọ. Ẹ má pín owó ìjókòó, torí ẹni tó wá nítorí owó kì í padà wá lọ́jọ́ tí owó bá tán.

Ìgbà yìí la tó ń sọ ti ẹ̀rọ. Iná wa jẹ́ 230 fóòtì (volt) àti 50 hẹ́ẹ̀sì (hertz). Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ 120 fóòtì yóò jóná bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí tiransifọ́mà. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣeé rà ní Adó, àti bóyá jẹnẹrétọ̀ yín lè gbé e. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tú u palẹ̀, kó sì tò ó padà lójú ẹni tó gbé e wá, kí àlejò náà tó wọkọ̀.