Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa lọ ní Lagos Island

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò bi mí o, àmọ́ ó ń dùn mí bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó sílé ní wíkẹ́ńdì tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé kò síbi téèyàn lè lọ l'Ékòó láìjẹ́ pé ó ná owó gọbọi. Ẹ lọ sí Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n táwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sáré wọlé, ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan, bébà kékeré kan tí òjò ti pa, tí wọ́n fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n máa lu bàtá lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mi ò sì rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ fọ́lò àwọn tó ń ṣe é lórí Instagram, ibẹ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ tòmíì. Ẹ bi sìkíọ́rítì náà, wọ́n máa ń mọ̀.

Onikan ò jìnnà síbẹ̀: mùsíọ́mù, John Randle Centre tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àṣà àti ìtàn Yorùbá, àti gbọ̀ngàn orin MUSON fẹ́ni tó bá fẹ́ràn orin. Tó bá di àsìkò Àjíǹde, ẹ yà sí àdúgbò Campos láàárín àwọn ọmọ Àgùdà, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tó padà dé láti Brazil, ẹ wo kánífà Fanti.

Ẹ̀yin ará Mile 2, rélùwéè Blue Line máa gbé yín dé Marina láìsí gosiló, àmọ́ ẹ ti ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ sílẹ̀ o.