₦41,000 Lórí Ọ̀rọ̀ Méjì Péré

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kọ sára báńnà: Ẹ̀WÀ LẸWÀ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kà á, á rẹ́rìn-ín, á wọlé wá ra ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ méjì yìí gba ₦41,000 lọ́wọ́ mi, ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ máa parí, ṣọ́ọ̀kì ló ṣe iṣẹ́ náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ta oúnjẹ ní Sángo, ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọmọ Poly àti àwọn onímáíkírà ti máa ń jẹun ọ̀sán. Èmi ni mo máa ń bá a ṣírò owó lálẹ́ Sátidé, ìṣirò yẹn náà ló fa ọ̀rọ̀. Ẹran ti wọ́n gógó, síbẹ̀ àwọn oníbàárà wa ò dẹ́kun àti máa ní ká fi mẹ́ta sí i, ká tún fi ṣàkì kan, ká wá fi pọ̀nmọ́ dé e lórí. Tá a bá yọ owó ẹran kúrò, èrè tó ń kù lórí àwo àmàlà kan ò ju owó omi inú ọ̀rá lọ. Ẹ̀wà náà gbówó lórí, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n kóńgò ẹ̀wà kan ń bọ́ èèyàn púpọ̀, èrè ibẹ̀ sì ń hàn sójú. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ìkòkò ẹ̀wà kì í tán. Àwa ará ilé la máa ń fi ṣe oúnjẹ alẹ́, àwọn ọmọ ti ń sunkún tí wọ́n bá ti rí i.

Oṣù yẹn náà ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ ò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú máàgì sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní ó yẹ kéèyàn jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400 lóòjọ́. Mo wo ohun tí à ń bù fún àwọn èèyàn. Ẹ̀fọ́ tó wà nínú àwo ò ju ohun tó lè há séèyàn léyín.

Mo ti mọ ti ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Ẹ̀wà máa ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀, kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ náwó púpọ̀ lórí ajílẹ̀. Màlúù ní tirẹ̀, bó ṣe ń jẹ koríko ló ń gùfẹ̀ gáàsì methane tó ń dá kún ooru ayé. Ìbàdàn níbí náà sì ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti 1967, oríṣi irúgbìn ẹ̀wà tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ lé ní 15,000, kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti tọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Oríṣi ẹ̀wà 15,000 nílùú kan náà, ará ìlú ń fojú fo ìkòkò ẹ̀wà, ó ń wá ṣàkì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò ná mi ní kọ́bọ̀, àmọ́ òun ló tini lójú jù. Mo fi máákà kọ ọ́ sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: ẸRAN PÚPỌ̀ Ń FA ÀÌSÀN, Ẹ JẸ Ẹ̀WÀ. Lọ́jọ́ kejì, onímáíkírà kan dúró síwájú ìwé náà, ó kà á sókè látòkè délẹ̀, ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyá Bọ̀lá, ẹran yín yìí, ṣé ẹ pa á ni àbí òun ló kú fúnra ẹ̀?"

Gbogbo ilé ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì rọra ti àwo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ẹran kù, ẹ̀wà náà kù. Ẹ̀gbọ́n mi já ìwé mi lára ògiri, ó fi nu tábìlì.

Àbúrò wa tó wà ní yunifásítì ló wá sọ fún mi pé àwọn kan ti dán irú ẹ̀ wò. Ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ẹ̀fọ́ kan náà kalẹ̀ nílé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń sè é, orúkọ nìkan ni wọ́n ń yí. Lọ́jọ́ kan wọ́n á pè é lórúkọ lásán, lọ́jọ́ míì wọ́n á ní kò ní ṣúgà tàbí pé ó dára fún ara, lọ́jọ́ míì wọ́n á fún un lórúkọ tó ń mú itọ́ yọ lẹ́nu. Ọdún 2017 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde: orúkọ tó ń mú itọ́ yọ mú kí àwọn tó gba ẹ̀fọ́ fi ìdá 25 nínú 100 ju ti ọjọ́ orúkọ lásán lọ, ó sì fi ìdá 41 ju ti ọjọ́ tí wọ́n ń kéde pé kò ní èyí kò ní tọ̀hún. Ìwé àìsàn tèmi sì rèé lára ògiri, tí mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Bí Ẹ̀WÀ LẸWÀ ṣe sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, nínú mọ́tò, ní Ọ̀jọ́ọ̀. Mo rẹ́rìn-ín fúnra mi débi pé ẹni tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ náà dáa. Ọ̀rọ̀ ò jẹ̀bi rárá.

Bí mo ṣe yan àwọ̀ àti àwòrán, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, ta ni ò ṣe báńnà rí. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá ni mo gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo fi gègé kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo tún fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. ₦18,500, mo san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n gbé fún mi ni EWA LEWA.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Àǹtí, kò séwu, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ ọ́n kà."

Lóòótọ́ ni, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n kà. A ò tíì so ó tó wákàtí kan tí ọmọ Poly kan fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ wò ó, wọ́n ní ká wá lé àwọn!" Ẹ wá, lé wa. Bó ṣe kà á nìyẹn, mi ò sì lè dá a lẹ́bi, kò sí àmì kan lórí ẹ̀ tó ní kó má kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń sáré wọlé tí wọ́n ń pariwo pé, "Ìyá Bọ̀lá, a ti wá lé yín o!" Wọ́n lé wa tán, àmàlà àti ẹran mẹ́ta ni wọ́n tún rà.

Mo padà sí Mọ́kọ́lá. Wọ́n ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé mi ò tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ àmì. Mo fi ìwé tí mo fọwọ́ kọ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àmì kéékèèké báyìí, àwọn rò pé bíírò ló ń ta ni. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Bíírò tó ń ta, tó wá ta sí ibi tó yẹ gan-an. ₦11,000 míì. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kú, ẹnì kan lọ ra epo kò tètè dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo dé ibẹ̀, aago mẹ́rin ni báńnà jáde: Ẹ□WÀ LẸWÀ. Àpótí kékeré kan jókòó pẹ̀sẹ̀ sáàárín oúnjẹ mi.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹ tó ní àmì sábẹ́ nìkan, kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. À náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀, tó ní àmì sábẹ́ tó tún ní àmì ohùn lórí, kò ní lẹ́tà odidi. Ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí wọ́n tó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí wọ́n yàn lórí kọ̀ǹpútà, tí kò bá mọ àmì yẹn á fi àpótí dípò rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ibì kan ṣoṣo nirú ẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni àmì tó fi ẹ̀wà tí à ń jẹ hàn yàtọ̀ sí ẹwà tó wà lójú. Òun gan-an ni àpótí gbé mì.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí, mo máa yọ àpótí yẹn kúrò." ₦11,500 lọ́tẹ̀ yìí, torí wọ́n ní ọjà ti gbówó lórí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, mo sáré dé Bódìjà lọ ra ata. Nígbà tí mo máa padà dé, wọ́n ti ká a jọ, wọ́n fi rọ́bà dè é. Mi ò tú u wò. Ibí yìí ni ẹ̀bi tèmi wà, mo gbà.

Wọ́n yọ àpótí kúrò lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tú báńnà, a sì jọ kà á pọ̀: ẸWÀ LẸWÀ. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀ mọ́. Kó tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin kan ti yọjú wọlé pé ṣé a máa ń ṣe èékánná náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀. Ó fi orógùn lu etí ìkòkò àmàlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń ro ó lọ.

Mi ò padà sí Mọ́kọ́lá mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, fọ́ǹtì tó mọ àmì wa ni kẹ́ ẹ lò, bíi Charis SIL tàbí Noto Sans, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà di curves, ìyẹn kí lẹ́tà di àwòrán, nínú CorelDRAW tí wọ́n fi ń ya báńnà, kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́nikẹ́ni má baà rí nǹkan yí níbẹ̀. Ẹ san ìdajì owó. Ẹ tú báńnà lójú wọn. Báńnà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tèmi ló ń bo igi ìdáná nígbà òjò báyìí, omi ò sì wọ ibẹ̀ rárá. Ká sọ òtítọ́, ojúlówó báńnà ni.

Pátákó dúdú tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sìnnì ni mo gbé jáde. Láràárọ̀ ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́: Ẹ̀wà àgànyìn, ata rẹ̀ ti dúdú, epo ń ta yọ. Ẹ̀fọ́ tútù, àárọ̀ yìí la já a. Mi ò dárúkọ àìsàn, mi ò dárúkọ ara líle. Fún àwọn tó ń fọ́nnu pé àwọn kì í jẹ ẹ̀wà, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Ìwọ tí o ń jẹ gbẹ̀gìrì, kí lo rò pé wọ́n fi sè é? Ìyẹn mú wọn. Ará Ìbàdàn kì í fẹ́ kí wọ́n fi gbẹ̀gìrì mú òun, ṣùgbọ́n ó mú wọn.

Síbẹ̀, ohun tó ṣiṣẹ́ jù ò sí lára pátákó. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ bí ọmọ tó ń bu oúnjẹ ṣe ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ń bi gbogbo wọn ni, "Ẹran mélòó?" Èèyàn tó jẹ́ pé omi ọbẹ̀ lásán ló wà lọ́kàn ẹ̀ á ní, "Fi méjì sí i." Àwa fúnra wa la ń ti ẹran sí wọn lọ́wọ́! Mo ní kó yí i: "Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ̀fọ́ ńkọ́?" kó tó dé orí ẹran. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ̀wà ò ní pẹ́ tán o." Tẹ́lẹ̀, kóńgò kan máa ń kù. Nísinsìnyí, kóńgò méjì ti ń tán kí aago mẹ́ta tó lù. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún gbogbo ayé pé ata òun ló fà á.

Máàgì ńkọ́? Ó dín in sí ìdajì, a ò kéde rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló fura, ó ní ọbẹ̀ náà "ń ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn," ó sì jẹ ẹ́ tán. Nípa epo tó wà nínú ata àgànyìn, ẹ má bi mí, iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Mo tún gbìyànjú pé ẹni tó bá gbé kúlà tirẹ̀ wá dípò ọ̀rá, a máa fún un ní dòdò méjì. Àwọn ọmọ Poly ń gba kúlà kan náà lọ́wọ́ ara wọn, èèyàn mẹ́fà, dòdò méjìlá. Mo pa ìyẹn tì.

Bàbá kan wà tó jẹ́ olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, Ọjọ́rú ló máa ń wá. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ó jẹ ẹ̀wà tán, ó ṣan ọwọ́, ó dúró síwájú pátákó. Ìkánjú ni mo fi kọ ọ́ láàárọ̀ yẹn, mo ti gbàgbé àmì ohùn orí Ẹ. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, wọ́n fà á síbẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ṣéńjì àwọn wá. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí àmì yẹn.