Bóòtù Tó Ń Yí Lásán: Bí Mo Ṣe Tún Báìkì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Oko Wa Ṣe

Etí òkun l'Ékòó ni báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó wà lóko obì wa ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi í gbé àwọn tó wá gbafẹ́ kiri lórí iyanrìn. Àbúrò bàbá mi rà á ní àlòkù, ó gbé e wá sí oko wa láàárín Ọ̀dẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìṣara, agbọ̀n obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì ń rù láti ìgbà náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà. Àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n: káríà ẹ̀yìn ń ró wọnran-wọnran, fẹ́ńdà ń ha táyà, ọ́ìlì ń sun lábẹ́ kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gùn ún ló máa ń mú sípánà, tí yóò fún bóòtù tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Bó ṣe ń tú ni wọ́n ń fún un, bí wọ́n ṣe ń fún un ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí bóòtù àti inú ihò rẹ̀ ká, ń jẹ. Àìsàn kan náà ni bóòtù tó ń tú àti tírẹ́ẹ̀dì tó jẹ. Ẹni tó bá wo ọ̀kan láìwo èkejì, yóò tún padà sídìí iṣẹ́ náà láìpẹ́.

Nígbà tí ìkórè obì ń bọ̀, mo gbé e sábẹ́ àtíbàbà, mo fọ ẹrẹ̀ pupa kúrò lára rẹ̀, mo sì mú ṣọ́ọ̀kì. N kò tíì fọwọ́ kan sípánà. Ojú ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Nọ́ọ̀tì tó bá ń mira máa ń tú ara rẹ̀ fó: ẹ óò rí ìpẹtà lẹ́búlẹ́bú tó yí i ká, tàbí ibi tí wáṣà ti ha ọ̀dà títí irin fi ń dán. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi ọwọ́ lásán gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó kàn tú, èyí tó ń yí lásán láìdi nǹkan kan mú, àti èyí tí orí rẹ̀ ti bó tí sípánà kò rí i gbá mú mọ́. Oògùn wọn kò jọra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú bóòtù di nǹkan mú, torí ohun tí ọ̀pọ̀ rò kọ́ ni. Bóòtù tí a dè dáadáa ń nà díẹ̀, bíi rọ́bà tí a fà, nínà yẹn ló sì fi ń fa irin méjì mọ́ra. Bí irin méjèèjì bá ti lè máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí ara wọn, bóòtù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀, kódà kó ní wáṣà onísíprínì lábẹ́. Gerhard Junker, ẹlẹ́rọ ará Jámánì, ló ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó fi èyí hàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1969. Síbẹ̀, wáṣà onísíprínì ni gbogbo wa ń sáré rà.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo yọ bátìrì àti táǹkì epo kúrò, torí mo mọ̀ pé iná máa wọ̀ ọ́. Iyọ̀ òkun ti ṣọṣẹ́ gan-an. Níbi tí bóòtù irin bá ti wọnú alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ bá bá wọn níbẹ̀, alumíníọ̀mù náà á máa di ẹbu funfun, ẹbu yẹn ni yóò sì há bóòtù mọ́nú ihò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdí wọn, mo ta ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà sí wọn, mo sì jẹ́ kó mọ́jú.

Àwọn súkúrù tó ní ojú àgbélébùú ló ń bá èèyàn jà jù. Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe báìkì yìí, súkúrù wọn sì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè ní Phillips. Bí ẹ bá ki ẹnu Phillips bọ̀ ọ́, kò ní wọlé dénú, bí ẹ bá sì ti fipá yí i, á yọ, á bó ojú súkúrù náà. Tiwọn sábà máa ń ní àmì tóótó kan lójú. Mo wá ẹnu tó jẹ́ JIS, ìyẹn ìwọ̀n ti àwọn ará Jàpáànù, mo fi í sí sukurudíráfà tí à ń fi òòlù lù lórí, èyí tó jẹ́ pé bí òòlù ṣe ń bà á ló ń yí. Kò sí irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tó o nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Fún orí bóòtù tó ti ń bó, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni, kì í ṣe onígun méjìlá, torí ẹ̀gbẹ́ bóòtù ló ń dì mú, kì í ṣe igun rẹ̀.

Àwọn tó kọ̀ jálẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì gáàsì yá alumíníọ̀mù tó yí wọn ká gbóná. N kò yá bóòtù fúnra rẹ̀. Bí irin àti alumíníọ̀mù bá jọ gbóná, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì irin, nítorí náà ihò á là díẹ̀ fún bóòtù. Bó ṣe gbóná ni mo fi àbẹ́là kàn án, kí ìda rẹ̀ yọ́ wọ ìdí tírẹ́ẹ̀dì. Wọ́n jáde láìdá.

Ó wá ku ihò mẹ́ta tó ti jẹ lára ẹ́ńjìnnì, níbi tí kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ti ń jókòó. Bóòtù tí sípánà 10 ń tú ni wọ́n, àmọ́ ara bóòtù náà kò ju mílímítà 6 lọ, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà sípánà tàn yín jẹ nígbà tí ẹ bá ń ra tápù, irin tí wọ́n fi ń kọ tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan tó wá kí mi kú iṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú jó o pọ̀, kò ní tú mọ́ láéláé." Mo ní lóòótọ́, kò ní tú mọ́, ọjọ́ tí kúlọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá wá tán ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú ihò náà kò tíì jẹ. Bóòtù tó fi mílímítà 5 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ ló yanjú ìyẹn. Mo fi wáyà wọn bí ihò ṣe jìn tó, kí bóòtù má baà kanlẹ̀ kí kọ́fà tó fún. Méjì tó kù ti jẹ tán pátápátá. Èèyàn lè sọ wọ́n di ihò bóòtù 8: dírílì 6.8, kó fi tápù 8 kọ tírẹ́ẹ̀dì tuntun. Àmọ́ ògiri alumíníọ̀mù tó yí wọn ká tín-ín-rín, n kò sì fẹ́ kó là. Ohun tí mo yàn ni síprínì kékeré tí wọ́n fi wáyà irin tí kì í dípẹtà ká, tó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú àti lẹ́yìn. Helicoil ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. N kò rí i rà ní Ṣágámù, ní Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Mushin l'Ékòó, ni mo ti rí i, pẹ̀lú tápù tirẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń yí i wọlé.

Dírílì 6.3 ni ti bóòtù 6. Kí ihò má baà wọ́, ọ̀gá kan tó ń fi ẹ̀rọ yí irin ní Ṣágámù bá mi lu ihò tó tọ́ dáadáa já irin pẹlẹbẹ kan, irin yẹn ni mo gbé lé ojú ẹ́ńjìnnì kó máa tọ́ dírílì sọ́nà. Mo ki àkísà sí gbogbo ẹnu ẹ́ńjìnnì, mo lẹ téèpù mọ́ dírílì níbi tó gbọ́dọ̀ dúró, mo sì fi gírísì kún ojú rẹ̀ kó lè máa gbé alumíníọ̀mù wẹ́wẹ́ tó ń gé jáde. Nígbà tí mo dé orí tápù, kẹrosíìnì ni mo ń kán sí i, torí ó bá alumíníọ̀mù mu. Ààbọ̀ ìyíká síwájú, ìdá mẹ́rin ìyíká sẹ́yìn, kí irin tó ń gé lè já. Ẹni tó bá ń yí tápù lọ láìdá a padà, inú ihò ni yóò kán an sí, tápù tó bá sì kán sínú ihò le ju bóòtù tó kán lọ. Lẹ́yìn tí mo fọ ihò tán, mo yí síprínì náà wọlé títí ó fi rì tó ààbọ̀ ìyíká sábẹ́ ojú ihò, mo fi irin tín-ín-rín gbá ìrù rẹ̀ kó ṣẹ́, mo sì yọ ìrù náà jáde. Tírẹ́ẹ̀dì irin ló wà níbẹ̀ báyìí, ó le ju ti alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe é wá lọ.

Àwọn kan á ní gọ́ọ̀mù irin tó. Fún ìdè fẹ́ńdà, bóyá. Fún ibi tí ọ́ìlì gbígbóná wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ti bóòtù tí à ń tú láti da ọ́ìlì nù, wáṣà kọ́pà tuntun nìkan ló ń bèèrè.

Fẹ́ńdà ló yà mí lẹ́nu. Ike ni, bóòtù sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní tààrà. Bí ike bá ti rọ̀, bóòtù á dẹ̀. Páìpù irin kékeré kan ló yẹ kó wà nínú ihò ike, kí bóòtù máa tẹ páìpù yẹn dípò ike, àmọ́ gbogbo wọn ti sọnù. Mo gé páìpù kọ́pà ẹ̀rọ amúlétutù sí wẹ́wẹ́, mo fi fáìlì ha wọ́n kí wọ́n fi díẹ̀ bíńtín gùn ju sísanra ike lọ. Ariwo fẹ́ńdà tán síbẹ̀.

Ó wá kan fífún. Bóòtù 6 tó wọnú alumíníọ̀mù, bíi Newton-mítà 10 (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan) tó fún un. N kò ní sípánà tó ń díwọ̀n agbára, nítorí náà mo bu omi lítà 5 sínú kẹ́ẹ̀gì, kílò 5 nìyẹn, mo sì so ó kọ́ sípánà tó nà gbalaja, ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín bóòtù. Mo rọra jọ̀wọ́ rẹ̀. Ibi tí kẹ́ẹ̀gì bá ti dúró, ó tó. Mo ṣe é títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n, ó sì kéré gan-an sí agbára tí gbogbo wa ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ náà gbìyànjú tirẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí náà ni?" Bí mo ṣe ń fún ọ̀kan ni mo ń bọ́ sí èyí tó kọjú sí i, kí kọ́fà lè jókòó déédéé lórí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Gọ́ọ̀mù tírẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ búlúù, èyí tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú fúnra rẹ̀, ni mo fi sí àwọn bóòtù káríà, lẹ́yìn tí mo ti fi bẹntiróòlù nu ọ́ìlì kúrò. Aláwọ̀ pupa kò yẹ níbẹ̀, iná ni yóò tú u. Mo ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ wáṣà wọn pẹ̀lú, torí ọ̀dà tó nípọn máa ń tẹ̀rì, bóòtù á sì dẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá ìdí táyà ní pínnì tó gba inú rẹ̀ kọjá: bí ihò kò bá ṣe déédéé, ẹ fún un síwájú títí yóò fi ṣe déédéé, ẹ má dá a padà láéláé, pínnì tuntun sì ni kẹ́ ẹ lò.

Níkẹyìn mo gba ọ̀dà èékánná lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo fà á láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ́ sára irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí bóòtù bá yí, ìlà náà á yapa. Lẹ́yìn tó ti kó obì la ojú ọ̀nà oko kọjá, kìkì ti ìdè sàlẹ́ńsà ló yapa. Nọ́ọ̀tì onínáílọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀, ooru sì ti rọ náílọ́ọ̀nù náà. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí onírin pátápátá, èyí tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ra, mo sì tún ìlà mìíràn fà.